Àwọn Onílé Epo Yìí, Ṣé Ojú Kì Í Tì Wọ́n Ni?

Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn onílé epo yìí, ta ló ń pe ta lóru? Ìbéèrè tí mo ń bi àwọn ará Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tíì dá mi lóhùn. Bí èèyàn bá kọjá ní Ọ̀wọ́dé nírọ̀lẹ́, iye kan náà ni yóò rí lára pátákó àwọn ilé epo. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí ẹnì kan bá ti fi owó kún un, gbogbo wọn ló ti fi kún un: èyí tó wà ní Ìsokùn, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, àti èyí tó wà ní Awẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wò ó ní Tákíé, kí ẹ wò ó ní Àrójẹ, ìtàn kan náà ni. Tánkà kankan kò já epo lóru ọjọ́ náà. Epo àná ló wà nínú táǹkì abẹ́ ilẹ̀, owó tuntun ló wà lára pátákó. Ẹni tó bá sì bi wọ́n, èsì kan ṣoṣo ni yóò gbọ́: "Wọ́n ti fi owó kún un ní dípò."

Ó dáa, a gbà. Ẹ wá jẹ́ kó wálẹ̀ ní dípò tí wọ́n ti ń gbé epo, kí ẹ wá wòran. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ilé ìfọpo Dangote já iye tó ń ta jálá epo bẹntiróòlù kan fún àwọn oníṣòwò wálẹ̀ láti náírà 828 sí náírà 699. Gbogbo rédíò ló gbé e. Ọlọ́kadà gbọ́, ìyá ẹlẹ́kọ gbọ́, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń gbé ní Under G gbọ́ kí oúnjẹ àárọ̀ wọn tó jinná. Àwọn ilé epo MRS tó ń bá Dangote ṣe gbé iye tuntun jáde, wọ́n ní náírà 739 ni. Àwọn tó kù ńkọ́? Etí ọ̀pọ̀ nínú wọn di. Nígbà tí etí náà sì là, orin tí wọ́n kọ fún wa ni pé epo tí àwọn ti rà ní owó àtijọ́ ni kò tíì tán.

Háà! Ṣé epo àtijọ́ máa ń wà ni? Lọ́jọ́ tí owó ń gòkè, ta ló rántí epo àtijọ́? Ìgbà wo lẹ rí onílé epo tó jáde síta tó ní, "Ẹ̀yin oníbàárà mi, owó ti wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ máa ra èyí ní iye àná títí yóò fi tán"? Kí ẹni tó bá rí irú rẹ̀ rí kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ lọ kí onítọ̀hún nílé.

Kí n má purọ́ mọ́ ìlú mi, ìwà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 1991, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Robert Bacon, wo bí owó epo ṣe ń yí padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gòkè, bí ìyẹ́ ló ń balẹ̀. Àwọn òyìnbó pàápàá ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù kì í wá jókòó sí àga iwájú níbi ayẹyẹ wa, kí á máa fi ìlù kì í.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Alájì kan wà. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní sọ bóyá Ọ̀yọ́ ni ilé epo rẹ̀ wà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, torí mo ṣì fẹ́ máa rìn lójú títì. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì jálá 25 lọ síbẹ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀. Mo dúró ti ọmọbìnrin tó ń tà á, n ò gbé ojú kúrò lára mítà. Mítà ka 25, kẹ́ẹ̀gì kò tíì dé èjìká. Ó ka 28. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ka 31 kí epo tó dé ọrùn. Mo ní, "Ọmọ mi, wo ìdí kẹ́ẹ̀gì yìí, 25 ni wọ́n kọ síbẹ̀ o." Ó wolẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, bí mítà wa ṣe máa ń kà nìyẹn."

Mítà wa! Bí ẹni pé mítà náà yan orí wá sáyé pẹ̀lú ìwà tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn án. N ò bá ọmọ náà jà. Kì í ṣe òun ló ṣí ikùn ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe òun ló ń kó èrè rẹ̀. Owó oṣù tí wọ́n ń fún irú wọn, bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ máa fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun náà ni wọ́n máa ń bú, òun ni ọlọ́kadà ń ṣépè fún láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀gá sì wà nínú yàrá tútù lókè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo tún fojú kan Alájì. Níbi ìfilọ́lẹ̀ kan ni. Léèsì tó wọ̀ ń dán débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi wo ojú. Ìyàwó mẹ́ta jókòó tì í, wúrà lọ́rùn, wúrà lọ́wọ́. Wọ́n pè é, ó dìde, ó gbé owó kalẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Alága ètò gba ẹ̀rọ ohùn, ó ní kí Ọlọ́run máa bù kún ibi tí owó yẹn ti ń wá. Àmín rọ̀ bí... ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Èmi ń ṣírò lọ́kàn mi ní tèmi ni. Jálá tèmi tí kò wọ kẹ́ẹ̀gì wà nínú owó yẹn. Ti ọlọ́kadà wà níbẹ̀. Ti ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata wà níbẹ̀. Ṣé kò yẹ kí wọ́n ka orúkọ àwa náà mọ́ àwọn tó dáwó?

Ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Kristi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ọdún 1898, a ò lè sọ pé ìwàásù kò dé etí wa. Síbẹ̀ ẹ wo ìjókòó iwájú lọ́jọ́ ìkórè. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ mọ mítà ta ni.

Àwọn kan yóò ní kò sí òfin tó de irú nǹkan báyìí. Irọ́ ni, òfin pọ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, tí Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Òfin náà sọ pé kí àwọn oníṣòwò má ṣe fìmọ̀ ṣọ̀kan láti gbé iye kan kalẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 5, ilé iṣẹ́ tó bá ṣe é sì lè san ìdá 10 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni òfin ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì, PIA, tún jáde. Òun ló sọ pé kí ọjà máa fúnra rẹ̀ dá iye owó epo, ó sì dá àjọ NMDPRA sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ àwọn tó ń tà á. Àjọ yẹn ló ń fún ilé epo níwèé àṣẹ. Òun ló láṣẹ láti gbé agolo ìwọ̀n wá, kí ó da epo sí i, kí ó sì ti ilé epo tí mítà rẹ̀ bá ń parọ́.

Kí n sọ òtítọ́ tí àwọn onílé epo náà yóò fẹ́ kí n sọ: pé iye kan náà wà lára pátákó mẹ́wàá, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí pé wọ́n ṣèpàdé. Ibi kan náà ni wọ́n ti ń gbé epo, owó ọkọ̀ tánkà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, olúkúlùkù sì lè na ọrùn wo pátákó aládùúgbò rẹ̀. Àdéhùn ni òfin ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí fóònù bí kì í bá ṣe àwọn tí à ń san owó oṣù fún pé kí wọ́n wá a? Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àjọ FCCPC fún àwọn oníṣòwò ní oṣù kan gbáko kí wọ́n fi dín owó ọjà kù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú wọn. Oṣù kan pé. Ní oṣù Kẹsàn-án yẹn gan-an ni ilé epo NNPC ti ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jálá epo kúrò ní nǹkan bíi náírà 600 lọ sí náírà 855 sókè. Nígbà tí oṣù Kẹwàá fi máa dé ìdajì, a ti ń sọ̀rọ̀ nípa 1,000.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an ló kù yìí. Àwọn tí a ní kí wọ́n máa ṣọ́ wọn ńkọ́?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Aliko Dangote jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sì la ẹnu. Ó ní Farouk Ahmed, ọ̀gá àgbà àjọ NMDPRA, ní ọmọ mẹ́rin tó rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Switzerland, ó sì ní owó tó bá a lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ilé ẹ̀kọ́ girama o, kì í ṣe yunifásítì! Ó béèrè pé owó oṣù ìjọba wo ló lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó gbé ìwé ẹ̀sùn lọ bá àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 17, Farouk Ahmed ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni Gbenga Komolafe, ọ̀gá àjọ NUPRC tó ń mójú tó wíwa epo, fi tirẹ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn ilé ẹ̀kọ́ kò kan òun. Kí oṣù Kìíní ọdún 2026 tó jìnnà, Dangote ti gba ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ padà, àjọ ICPC sì ní àwọn kò ní torí ìyẹn pa ìwádìí tì.

Ẹ̀sùn ṣì ni ẹ̀sùn, ilé ẹjọ́ ló lè sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ tèmi dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n pòṣé. Ṣíọ̀! Ní Tákíé, àwọn òbí ń ta ilẹ̀ kí ọmọ wọn lè san owó ilé ìwé ní LAUTECH, a sì ń gbọ́ Switzerland. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ṣé ata ló fi sẹ́nu ni? Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ irọ́, ìtìjú ńlá ni pé oníṣòwò kan lè sọ̀rọ̀ nílé ìròyìn, kí olórí àwọn tó ń ṣọ́ ọ kúrò nípò láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀yin náà ẹ parí ẹ̀.

Ẹ sì rántí Farouk kejì, ẹ má kó àwọn méjèèjì pọ̀, orúkọ ni wọ́n fi jọ ara wọn. Farouk Lawan ni tiwa àtijọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ìjọba Ààrẹ Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo lẹ́ẹ̀kan náà, jálá kan kúrò ní náírà 65 ó di 141, ìlú gbaná, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí 97. Ilé Aṣòfin kékeré yan Lawan láti ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò tú àṣírí àwọn tó jẹ owó ìrànwọ́ náà. Gbogbo wa ń pè é ní akin. Ṣùgbọ́n ó wá hàn gbangba pé ó ti gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ Femi Otedola, tó jẹ́ oníṣòwò epo, kí wọ́n lè yọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ariwo tí wọ́n pa nígbà náà ni pé inú fìlà ni díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ̀. Fìlà àgbàlagbà! Ní 2021 ilé ẹjọ́ gíga ní Àbújá rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ di 5, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ó tó nǹkan bí ọdún 12 kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó parí. Ẹ̀yin sì ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rù kì í ba Alájì.

Nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ Dangote di wòlíì fún mi. Epo ni òun náà ń tà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló gbé NNPC, NMDPRA àti àwọn oníṣòwò kan lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó epo wọlé láti òkè òkun. Àwọn oníṣòwò náà, AYM Shafa, A.A. Rano àti Matrix, dá a lóhùn pé ohun tó ń wá ni pé kí òun nìkan dá ọjà jẹ. Ó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní oṣù Keje ọdún 2025. Inú èmi dùn sí náírà 699 bí inú gbogbo èèyàn ṣe dùn sí i. Ohun tí mo kàn ń béèrè ni pé, lọ́jọ́ tí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo onílé epo láti Sọ́kótó dé Ọ̀yọ́ ń ti ọwọ́ rẹ̀ gba epo, tí inú rẹ̀ ò sì dùn lọ́jọ́ yẹn, ta ni yóò pè é síbi kan kó bá a wí?

Àwọn àgbàlagbà ládùúgbò wa ní kí ìjọba kàn dá iye kan, kó tán. Ẹ̀yin àgbà mi, mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé. Láti 1973 ni ìjọba ológun ti ní kí owó epo jẹ́ bákan náà káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n tilẹ̀ dá àpò owó kan sílẹ̀ ní 1975 láti máa san ìyàtọ̀ owó ọkọ̀. Lórí ìwé nìyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, iye ìjọba jẹ́ náírà 145. Ta ló rà á ní 145 lọ́dún Kérésì yẹn? Géètì tì lọ́sàn-án, ó ṣí lóru fún àwọn oníkẹ́ẹ̀gì. Ilé epo kò ní epo, ẹ̀gbẹ́ títì tó wà níwájú rẹ̀ ní. Ọmọ ẹni tó ni ilé epo gan-an ni wọ́n ní ó ń tà á nínú ìgò. Iye tí ìjọba dá yẹn di ohun tí wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ ní Àbújá, àwa sì ń san òmíràn.

Ibòmíràn kò dá iye o, òkùnkùn ni wọ́n mú kúrò. Ní 2011, orílẹ̀-èdè Austria pa á láṣẹ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ ni ilé epo lè fi owó kún epo, ọ̀sán gangan, bí aago 12 bá lù. Àmọ́ o lè já a wálẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ọ́. Ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, láti 2001, ilé epo gbọ́dọ̀ sọ iye ọ̀la fún ìjọba lónìí, kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà fún wákàtí 24. Jámánì ní tirẹ̀, láti 2013, ní kí ilé epo kọ̀ọ̀kan máa fi gbogbo iye tó bá yí padà ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣọ́ ìdíje lójú ẹsẹ̀, kí ará ìlú lè rí i lórí fóònù. Kò sí ohun tó ṣòro nínú èyí. Gbogbo ọmọ ilé epo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní fóònù. Bí NMDPRA bá ní kí iye ọ̀la ti wà lójú gbogbo wa kí oòrùn òní tó wọ̀, wàhálà ẹni tó ń pe ẹnì kejì lóru á dín kù.

Òpópónà tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí n má pa á mọ́ra. Ìlú wa méjèèjì wà láàrin dípò méjì tí ìjọba kọ́, ti Apata ní Ìbàdàn àti ti Òkè-Oyì ní Ìlọrin. Páìpù ló yẹ kó máa gbé epo lọ sí ibẹ̀ láti Mòsínmi. Ṣùgbọ́n lójú títì la ti ń rí i lórí tánkà, ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti ń gbọ́ látayé Ọbásanjọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ di onílà méjì. Owó táyà tánkà náà wà lórí jálá wa. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Alájì, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n kò sí kòtò kankan lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kọ́ mítà ní irọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkórè, ẹ̀yin kọmítì mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ẹ ti ń to orúkọ àwọn tí yóò ṣe alága lọ́dún yìí, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Kí ẹ tó kọ orúkọ onílé epo kankan sínú ìwé ìpè, ẹ kọ́kọ́ rán ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì jálá 10. Bí mítà bá ka ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gba rìsíìtì, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NMDPRA ní Ìbàdàn, kí ẹ tó gbé ìwé ìpè lọ sí ilé Alájì.